Páànù tó ń dán

Oṣù méje péré ni mo lò nínú ilé Bàbá Fálúyì
ní Ìkẹ́rẹ́, lẹ́yìn ilé-ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́,
tí ìwé tiransífà fi dé láti Adó:
Ọ̀mùò ni kí n gbà lọ, kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.
Ọdún méjì ni mo san sílẹ̀,
ẹgbàárùn-ún náírà lóṣooṣù.
Ẹ bá mi yọ méje nínú mẹ́rìnlélógún.
Àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ̀ ọ́n: ó ku mẹ́tàdínlógún.
Ṣùgbọ́n ìṣirò kọ́ ni onílé ń gbọ́ kó tó jẹun àárọ̀.

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde.
Mo dìde. Ó ní kí n jókòó.
Mo jókòó tán, ó na ìka sókè:
“Tíṣà, ṣé o rí páànù tó ń dán yẹn?
Owó rẹ nìyẹn.
Gbé àkàbà, kó o lọ ṣí i wálẹ̀.”

Ulé ló ń pe ilé.
Èmi ọmọ Ọ̀fà, ilé ni mò ń pe ulé.
Mo rò pé ibẹ̀ nìkan la ti yàtọ̀.

Ó fa ìwé àdéhùn yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.
Ìlà kẹsàn-án: Owó tó bá ti wọlé kì í jáde.
Orúkọ mi wà nísàlẹ̀, yíǹkì búlúù,
ó gún régé bí ìkọ̀wé ojú pátákó.
Èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ
torí pé kò ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì!

Mo ní kí n wá ẹni tí yóò rọ́pò mi.
Mo mú Dáúdù ajórin wá.
Ó ní iná irin yóò fọ́ òun lójú.
Mo mú Ṣíjúadé wá, tó ń rán yunifọ́ọ̀mù.
Ó ní obìnrin tí ò lọ́kọ, àlejò rẹ̀ kì í tán.
Mo rántí pé èmi náà ò lọ́kọ.
Mo dákẹ́.

Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù.
Owó ọkọ̀, owó lọ́yà, ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀:
owó tí mò ń wá yóò jẹ owó tí mo ní.
Wọ́n ní kí n lọ bá olóyè àdúgbò.
Mo débẹ̀. Onílé lòun náà.

Alẹ́ tí mò ń di ẹrù, òjò dé láti ìhà Olósùnta.
Ọ̀dọ̀ mi gbẹ.
Ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ti ń gbọ́ tó, tó, tó.
Mo kanlẹ̀kùn, mo bá abọ́ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì,
Bàbá jókòó ségbẹ̀ẹ́ kan bí àlejò.
Ìhà àwa ayálégbé nìkan lowó mi kàn dé.
Páànù tirẹ̀ ṣì ni èyí tí bàbá rẹ̀ kàn,
ìpáàrà ti jẹ ẹ́ bí ajẹ́.
Mo bá a da omi abọ́ kan nù.
A ò dárúkọ owó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé uṣu mẹ́fà sẹ́yìn ọkọ̀ mi,
ó ki nǹkan bọ inú báàgì mi,
ó ní kí n má kà á lójú òun.
Ìkọ̀lé ni mo ti kà á, níbi tí dẹ́rẹ́bà ti ń ra epo:
ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún.
Gbèsè ni ìyókù. Mi ò tíì dárí jì í.

Òjò ń rọ̀ ní Ọ̀mùò báyìí. Ilé tuntun yìí ń jò.
Mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀,
ọkàn mi wà ní yàrá kan ní Ìkẹ́rẹ́,
tó gbẹ, tí mo ti sanwó rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.
Bóyá Bàbá ti ká ẹní rẹ̀ lọ síbẹ̀.
Bó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni onílé lálẹ́ òní,
òun sì ni ayálégbé,
kò sì tíì san kọ́bọ̀.